Ṣé dandan ni fóné kí ọmọ tó lè ka Mass Communication?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa. Ọmọ mi obìnrin ti wọ SS3, Mass Communication ló lóun fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Ohùn rẹ̀ dùn, òun ló máa ń darí ètò àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò dún bíi ti àwọn tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn kan wà ládùúgbò wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní fóné, ìyẹn sísọ Gẹ̀ẹ́sì bí òyìnbó, fún oṣù mẹ́ta, ₦200,000 ni wọ́n ń gbà. Wọ́n ní bí kò bá ní sátífíkéètì àwọn, yunifásítì kò ní gbà á. Ṣé kí n san án? Ìyá ọmọ kan, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san án, Màmá. Ẹ má tilẹ̀ san ìdajì sílẹ̀. Irú ìbéèrè yìí ti ń pọ̀ jù, ìdí nìyẹn tí mo fi ń dáhùn rẹ̀ ní gbangba kí àwọn òbí mìíràn lè rí i kà.

Kò sí yunifásítì kankan ní Nàìjíríà tó ń béèrè sátífíkéètì fóné lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wọlé. Èsì WAEC tàbí NECO ni wọ́n ń wò, krẹ́díìtì márùn-ún tí Gẹ̀ẹ́sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n ń wo máàkì UTME, ìdánwò JAMB. Ọ̀pọ̀ yunifásítì sì tún ń ṣe àyẹ̀wò tiwọn lẹ́yìn ìyẹn, èyí tí a mọ̀ sí post-UTME. Orí CAPS, ètò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí JAMB fi ń fọwọ́ sí ìgbàwọlé, ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí. Ẹni tó bá ní òun á bá yín rí àyè kan tí kò ní hàn lórí CAPS, owó yín ló fẹ́ jẹ. Ọmọ tó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wọlé lè kàwé parí kó má rí NYSC lọ.

Àṣìṣe kan wà nínú ìbéèrè yín tó tóbi ju ti owó yẹn lọ, ó sì wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ òbí: wọ́n rò pé ẹ̀kọ́ ohùn ni Mass Communication. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkọ àti ìwádìí ni. Ipa kékeré ni ohùn ń kó nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá wọlé á kọ́kọ́ pàdé ìtàn iṣẹ́ ìròyìn, láti orí Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859 títí dé WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959. Ó kan kíkọ ìròyìn àti títún ìròyìn ṣe, òfin iṣẹ́ ìròyìn, ìpolówó ọjà, PR (iṣẹ́ títọ́jú orúkọ rere iléeṣẹ́ lójú aráàlú), tíọ́rì, ọgbọ́n ìwádìí, títí dé iṣẹ́ àkànṣe ọdún ìkẹyìn tó sábà máa ń jẹ́ orí márùn-ún. Fún iṣẹ́ àkànṣe yẹn, ọ̀pọ̀ ló máa ń pín ìwé ìbéèrè fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á ka ìdáhùn wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ṣírò rẹ̀, wọ́n á sì ṣàlàyé ohun tí àwọn nọ́ńbà náà ń sọ. Ibẹ̀ ni ojú ti ń pọ́n àwọn tó wá síbí nítorí pé wọ́n ń sá fún ìṣirò.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kíláàsì kan ṣàlàyé. Olùkọ́ á pín ọ̀rọ̀ tí kọmíṣọ́nnà kan sọ, ojú ìwé mẹ́ta, fún wọn, á ní kí wọ́n sọ ọ́ di ìròyìn láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Gbólóhùn àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ gùn ju nǹkan bí ọ̀rọ̀ márùndínlógójì lọ, ibẹ̀ ni kókó gbọ́dọ̀ wà: ta ni, kí ló ṣẹlẹ̀, níbo, nígbà wo. Ìdí rẹ̀ àti bó ṣe ṣẹlẹ̀ á tẹ̀ lé e. Àmọ́ kí ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń kọ? Pé kọmíṣọ́nnà kí àwọn àlejò káàbọ̀, pé ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gómìnà. Wọ́n ń to ọ̀rọ̀ náà bí akọ̀wé ìpàdé ṣe ń to tirẹ̀. Pé ìjọba fẹ́ ti ilé ìwòsàn méjì pa, èyí tó jẹ́ ìròyìn gan-an, á wá sá pamọ́ sí ìpínrọ̀ keje. Bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ ni olóòtú ti ń gé ìròyìn bí àyè bá kéré, ìpínrọ̀ keje ló sì kọ́kọ́ ń lọ. Kò sí fóné tó lè gba ọmọ náà sílẹ̀ níbẹ̀.

Òfin náà kì í ṣeré. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ mọ ohun tí èèyàn ń kọ nípa ọmọnìkejì rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e lọ sí kóòtù. Ó gbọ́dọ̀ mọ òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015, tí wọ́n tún ṣe ní 2024. Ó sì gbọ́dọ̀ mọ òfin 2011 tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàárín ọjọ́ méje.

Ó wá kan fóné fúnra rẹ̀. Ohun tí àwọn oníkọ́ọ̀sì yẹn ń tà ni kí ọmọ máa fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni tó dàgbà sí Amẹ́ríkà. Fònẹ́tíìkì kọ́ nìyẹn. Fònẹ́tíìkì ni ìmọ̀ bí ahọ́n, eyín, ètè àti ọ̀fun ṣe ń gbé ìró jáde. Ìṣòro àwa Yorùbá ni àwọn ìró Gẹ̀ẹ́sì tí kò sí lédè wa: kò sí v, kò sí z, kò sí th, kò sí ìró tó bẹ̀rẹ̀ church, kò sì sí i kúkúrú inú ship. Ìdí nìyẹn tí van fi ń di fan lẹ́nu wa, tí zoo ń di soo, tí ship àti sheep sì ń dún bákan náà. Àwọn mìíràn á yọ h kúrò lára house, wọ́n á wá lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ egg.

Gbogbo ìwọ̀nyí ṣe é tún ṣe nílé láìná kọ́bọ̀. Kí ó gbé eyín òkè lé ètè ìsàlẹ̀ bí ẹni fẹ́ pe f, kó wá fi ohùn sí i: v nìyẹn. Bó bá fi ìka kan ọ̀fun nígbà tó ń pe v, á gbọ̀n. F kì í gbọ̀n. Bí s àti z náà ṣe rí nìyẹn. Kó ka ìròyìn sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, kó gbà á sílẹ̀ sórí fóònù, kó tẹ́tí sí ara rẹ̀. Kí olùgbọ́ má ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́ là ń wá. Bí ohùn rẹ̀ bá ṣì jọ ti ọmọ Òṣogbo lẹ́yìn ìyẹn, kò sí àléébù kankan níbẹ̀. Ẹni tó ń fi imú kàwé ló ń ṣe ara rẹ̀ léṣe: ọkàn rẹ̀ á wà lára ìró dípò ìtumọ̀, á sì lọ mí níbi tí kò yẹ kí gbólóhùn ti já.

Ẹ má gbàgbé pé iṣẹ́ wà nínú èdè tí ẹ fi tọ́ ọ. Radio Lagos, Àmúlùúdùn FM ní Ìbàdàn, Aláròyé, BBC Yorùbá tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018, èdè wa ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́, ẹni tó lè kọ Yorùbá tó já gaara pẹ̀lú àmì ohùn kò sì wọ́pọ̀ rárá. Àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí wọ́n bá kọ “won ji oko re gbe” síwájú ẹni tó ń ka ìròyìn, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ bóyá ọkọ̀ obìnrin kan ni wọ́n jí, tàbí ọkọ rẹ̀? Bó bá ṣì í kà, ọlọ́pàá àti ẹbí ló máa kọ́kọ́ pe iléeṣẹ́ rédíò. Nítorí náà, bó bá ń ṣe Yorùbá nínú WAEC, kó má fi ṣeré.

Nípa fọ́ọ̀mù: ẹ má jẹ́ kí orúkọ kọ́ọ̀sì da yín láàmú. Ní 2019, NUC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso yunifásítì, kéde pé kí wọ́n pín Mass Communication sí ẹ̀ka méje, lára wọn ni iṣẹ́ ìròyìn, PR, ìpolówó ọjà, ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ àti fíìmù. Ìlànà tuntun tó ń jẹ́ CCMAS sì ní kí 70% ẹ̀kọ́ ti ọ̀dọ̀ NUC wá, kí yunifásítì fi 30% tirẹ̀ kún un. Nítorí èyí, ẹ lè rí orúkọ àtijọ́ ní yunifásítì kan, kí ẹ rí ẹ̀ka tí wọ́n ti pín ní òmíràn. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, Communication and Language Arts ni orúkọ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni dandan nínú UTME, ìbéèrè 60 nínú 180 sì ni tirẹ̀ nìkan. Literature wọ́pọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń béèrè, àmọ́ àwọn tó kù yàtọ̀ láti ibì kan sí ibòmíràn, nítorí náà ẹ wo IBASS, ìwé ìtọ́sọ́nà JAMB orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má gbé e ka ọ̀rọ̀ mi, nítorí wọ́n máa ń yí i padà. Ẹ tún béèrè bóyá NUC ti fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà ní ibi tó fẹ́ lọ. Bó bá jẹ́ PR tàbí ìpolówó ọjà ló wù ú, kó mọ̀ láti ìsinsìnyí pé òun á ṣì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NIPR, àjọ àwọn oníṣẹ́ PR, tàbí ARCON, àjọ tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà, lẹ́yìn tó bá gboyè.

Kí ẹ tó ná owó kankan, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ méjì. Láràárọ̀, kó gbọ́ ìròyìn rédíò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kó mú ìròyìn kan níbẹ̀, kó fi gbólóhùn mẹ́rin kọ ọ́ sínú ìwé, lónìí ní Yorùbá, lọ́la ní Gẹ̀ẹ́sì. Lálẹ́, kó pe ẹnì kan nínú ilé tí kò gbọ́ ìròyìn náà, kó kà á fún un. Bí ẹni náà bá ní láti béèrè pé “ta ni?” tàbí “níbo?”, kó tún un kọ. Bó bá fi máa tó ọjọ́ kẹwàá tó ń kọ ọ́ láìjẹ́ pé ẹ rán an létí, ẹ ra fọ́ọ̀mù fún un. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ kẹrin ló ti sú u, ẹ má bá a jà. Àyè ṣì wà kí ẹ jọ wo kọ́ọ̀sì mìíràn kí JAMB tó bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀, ₦200,000 yín á sì ṣì wà lọ́wọ́ yín.