Ẹ Bi Màmá Oníbátìrì: Ta Ló Ń Mu Iná Hilux Mi Lóru?

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Hilux ẹlẹ́ńjìnnì dísù ni mo fi ń kó gàárì àti èlùbọ́ láti Ìṣẹ́yìn wá sí Abẹ́òkúta. Bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀, "kẹ-kẹ-kẹ" ló máa ń dún, kò ní jí, àfi kí n lọ bẹ ọlọ́kọ̀ mìíràn kó fún mi níná. Rewaya mi ní kí n ra bátìrì tuntun. Mo fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ fúnra mi nílé. Orí bátìrì wo ni kí n kọ́kọ́ tú? Ṣé kò sì ní ba búréènbọ́ọ̀sì, kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀, jẹ́?
Oní-Hilux, Ìṣẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Oní-Hilux, ẹ fi owó yín sápò ná. Bátìrì tí wọ́n ti dá lẹ́jọ́ ikú láìjẹ̀bi níwájú mi ní Kútọ̀, l'Abẹ́òkúta níbí, kò níye.

Lálẹ́ òní, bí ẹ bá ti pa ọkọ̀, ẹ tú orí nẹ́gátíìfù kúrò lára bátìrì, kí ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé e. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ dá a padà, kí ẹ yí kọ́kọ́rọ́. Bó bá jí lẹ́ẹ̀kan náà, bátìrì kọ́ lolè. Nǹkan kan ló ń mu iná lóru: trákà, rédíò tí wọ́n so tààrà, tàbí gílóòbù tí kì í kú nínú ọkọ̀. Ẹ ní kí rewaya yín wá a.

Bí kò bá jí, ẹ wá mítà. Bátìrì tó kún, tó sì ti sinmi, máa ń fi fóòtì 12.6 hàn. Bó bá wà ní 12.2, ó ti dé ìdajì. Ẹ wá iná bẹ̀rẹ̀ ọkọ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́: ó yẹ kó wà láàárín 13.8 sí 14.5. Bí ẹ bá bá a ní 12.3 nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ké, alternator, ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì níná bí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ni kò fún un lóúnjẹ. Bí ẹ kò bá tún un ṣe, bátìrì mẹ́wàá ni ẹ máa rà lórí rẹ̀.

Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, kó ní òun ń dán alternator wò. Peugeot 504 ayé ọjọ́un lè fara dà á. Nínú ọkọ̀ ìsinsìnyí, iná tó máa ń fò sókè lójijì níbẹ̀ ló ń jó búréènbọ́ọ̀sì. Èyí ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Pípààrọ̀ bátìrì lásán kì í bà á jẹ́. Aago àti àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ẹ ti tò pamọ́ ló lè pa rẹ́.

Tó bá wá jẹ́ pé bátìrì náà ló ti kú lóòótọ́, ẹ wo àmì ara rẹ̀ kí ẹ tó lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá kọ 95D31R, 31 yẹn ni gígùn rẹ̀ ní sẹ̀ńtímítà, R tàbí L ìkẹyìn sì ń sọ ẹ̀gbẹ́ tí orí kọ̀ọ̀kan wà. Bí ẹ bá gbé R wálé dípò L, wáyà kò ní tó. Ẹ́ńjìnnì dísù máa ń fẹ́ iná púpọ̀ láti jí. Ẹni tó bá ní kékeré tí wọ́n ń lò fún Corolla á gbé e, ẹ bi í bóyá òun ni yóò máa wá tì í láàárọ̀. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Èmi kì í tà á fún ẹni tí mo fẹ́ kó padà wá.

Bí ẹ bá wá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ bọ́ òrùka ọwọ́. Kí sìgá má sí nítòsí, torí afẹ́fẹ́ tí bátìrì ń tú jáde lè gbiná. Sípánà 10 ló sábà máa ń tú orí Toyota. Nẹ́gátíìfù ni ẹ ó kọ́kọ́ tú. Gbogbo bọ́dì ọkọ̀ ni nẹ́gátíìfù so mọ́: bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti pọ́sítíìfù, tí ìdí sípánà sì kan irin kan, iná á ta, sípánà á pọ́n bí ẹyin iná lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá ń gbé tuntun wọlé, ẹ yí i padà: pọ́sítíìfù ṣáájú, nẹ́gátíìfù kẹ́yìn. Bí àmì + àti − bá ti pa rẹ́, orí tó sanra jù ni pọ́sítíìfù.

Lẹ́búlẹ́bú funfun tàbí aláwọ̀ ewé tó bo orí wáyà, báákìn sódà pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń ṣí i. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ so ó le, kí ẹ tó fi gíríìsì díẹ̀ pa á lórí. Irin tó de bátìrì mọ́lẹ̀, ẹ má sọ ọ́ nù bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe. Pẹ̀lú kòtò ojú ọ̀nà yín yẹn, ìgbọ̀nrìrì ló máa pa tuntun náà.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ̀bá ọ̀sà ni à ń gbé. Ọkọ mi máa ń fọ́ bátìrì àlòkù, á yọ́ òjé inú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé fi ṣe ìwọ̀n àwọ̀n. Ṣé kò léwu fáwọn ọmọ?
Ìyá Ìbejì, Ẹ̀pẹ́

ÌDÁHÙN: Ó léwu gan-an, Ìyá Ìbejì. Ní Thiaroye-sur-Mer, lẹ́bàá Dakar ní Sẹ̀nẹ̀gà, ọmọdé 18 ló kú láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, nítorí òjé bátìrì tí wọ́n ń yọ ládùúgbò. Inú yanrìn ni eruku rẹ̀ wà, àwọn èèyàn sì ń jọ yanrìn náà láti ṣa òjé tà. Kì í ṣe èéfín nìkan ni kí ẹ máa wò. Ilẹ̀ tí ìbejì ń rá lórí rẹ̀ ńkọ́?

Kí ọkọ yín dáwọ́ dúró lónìí. Kó ta bátìrì fáwọn tó ń ra kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù ní odindi, kó má da ásíìdì rẹ̀ sí kọ́tà. Ẹ má fi ọwọ̀ gbá ẹ̀yìnkùlé yẹn ní gbígbẹ, ẹ wọ́n omi sí i. Ẹ má fọ aṣọ tó fi yọ́ òjé pọ̀ mọ́ tàwọn ọmọ. Kí ẹ sì gbé ìbejì lọ sí ọsibítù ìjọba, kí ẹ ní kí wọ́n yẹ òjé wò nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ sọ ohun tí bàbá wọn ń ṣe fún dókítà, torí kò ní rò ó fúnra rẹ̀.