Èsì: Àpótí ẹja tó ti pé, àbí kẹ́ ẹ ṣe é fúnra yín?

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ẹ fẹ́ àpótí ẹja onígíláàsì tó ń gba omi lítà 200, pé ṣé kẹ́ ẹ ra èyí tó ti ní asẹ́ (ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi kó lè mọ́) àti iná lára, àbí kẹ́ ẹ ṣe é fúnra yín.

Bó bá jẹ́ àkọ́kọ́ yín nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ra gíláàsì tí wọ́n ti lẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù 1. Kẹ́ ẹ tó ka yanrìn mọ́ ọn, ó ti di kìlógíráàmù 200, omi náà á sì máa ti gbogbo ojú ibi tí ẹ fi sílíkónì, ìyẹn gọ́ọ̀mù gíláàsì, lẹ̀. Mo ti ṣe ọ̀kan rí. Mo da omi sí i, ó dúró digbí. Lọ́jọ́ kejì ni mo rí omi tó ń yọ ní igun ìsàlẹ̀ bí òógùn. Afẹ́fẹ́ kékeré kan ló há sínú sílíkónì. Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, mo fi abẹ ha ti àtijọ́ kúrò pátá, torí sílíkónì tuntun kì í lẹ̀ mọ́ àtijọ́ dáadáa.

Àmọ́ asẹ́ tó ń bá èyí tó ti pé wá sábà máa ń kéré. Ẹ yan asẹ́ àti iná tó wù yín fúnra yín; ọ̀nà àárín yìí ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ má kó ẹja sí i lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá da omi sí i o! Ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí bakitéríà tó ń jẹ amóníà (májèlé tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja) tó pọ̀ nínú asẹ́. Ẹ máa wọn amóníà àti náítíráìtì (májèlé tí bakitéríà ń sọ amóníà dà) inú omi náà. Tí méjèèjì bá dúró sí 0, ẹ kó ẹja méjì sí mẹ́ta sí i.