Òórùn Ìtọ̀ Ológbò Lára Àga: Ìdí Tí Ó Fi Ń Padà Wá Nígbà Òjò

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbarà ni mò ń gbé níbí ní Abẹ́òkúta. Ológbò àwọn ọmọ mi ti tọ̀ sórí àga ìjókòó wa ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mo tún da Hypo sí i, a kò sì gbọ́ òórùn kankan mọ́ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́. Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ó ti ń rùn padà, bí ẹni pé àná ni ó tọ̀ ọ́. Tìmùtìmù rẹ̀ ṣeé yọ, àdìrẹ tí mo rà ní Ìtòkú ni mo sì fi rán aṣọ rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Iṣẹ́ fífọ àga àti kápẹ́ẹ̀tì ni iṣẹ́ mi nílùú yìí, irú ìbéèrè yín sì wọ́pọ̀ púpọ̀ nígbà tí òjò bá ti ń rọ̀ léraléra. Ohun àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé òórùn náà kò lọ rárá. Aṣọ orí àga ni ẹ fọ̀, inú tìmùtìmù ni ìtọ̀ wà.

Bí ìtọ̀ bá ti kan aṣọ, yóò gba inú rẹ̀ wọ fóòmù lọ, yóò sì tàn kálẹ̀ nísàlẹ̀ débi pé ibi tí ó rin máa ń fẹ̀ ju àbàwọ́n tí ojú rí lórí lọ. Àwọn kòkòrò àìfojúrí a máa sọ yúríà inú rẹ̀ di amóníà, èyí tí ń ta ni nímú, ṣùgbọ́n amóníà kì í pẹ́ fẹ́ lọ, omi sì lè ṣan èyí tí ó bá kù. Èyí tí ó le ni uric acid, tí ó máa ń gbẹ di ẹyọ wínníwínní tí kì í fẹ́ yọ́ nínú omi, tí ọṣẹ kò sì ràn. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, ẹ kò ní gbúròó rẹ̀. Nígbà tí ọ̀rinrin òjò bá kàn án, òórùn yóò tún máa tú jáde. Ìtọ̀ ológbò, pàápàá ti akọ, tún ní èròjà kan tí imí-ọjọ́ wà nínú rẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń rùn ju ti ajá lọ.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe da Hypo, Jik tàbí bílíìṣì mìíràn sí ìtọ̀ mọ́. Amóníà inú ìtọ̀ àti bílíìṣì máa ń para pọ̀ di gáàsì olóró tí ń ta ojú tí ó sì ń há ni lọ́fun, ewu rẹ̀ sì pọ̀ fún ọmọdé àti fún ẹni tí ó bá ní ikọ́ fée, pàápàá nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì. Nítorí pé ẹ ti dà á sí i tẹ́lẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi omi púpọ̀ ṣan tìmùtìmù náà kí fínígà tí n óò mẹ́nu bà nísàlẹ̀ tó kàn án, torí pé bílíìṣì àti fínígà náà máa ń bí gáàsì olóró. Omi gbígbóná, áyọ́ọ̀nù àti ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi fọ kápẹ́ẹ̀tì kò dára níbí, nítorí ooru máa ń mú kí àbàwọ́n lẹ̀ mọ́ aṣọ. Bákan náà ni Izal, Dettol àti káńfọ̀ tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń bo òórùn mọ́lẹ̀: ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè borí irú èròjà bẹ́ẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń lá ara rẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá ti jókòó lé ohun tí a fi wọ́n fọ̀.

Ẹ yọ tìmùtìmù náà kúrò nínú aṣọ, kí ẹ gbé e síta, kí ẹ da omi tútù sí i títí yóò fi rin gbingbin, kí ẹ fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí omi náà jáde, kí ẹ sì máa tún un ṣe títí omi tí ń jáde kò fi ní rùn mọ́. Ẹ má ṣe lọ́ ọ bí aṣọ, kí fóòmù má baà ya. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò lo oògùn ìfọ̀dọ̀tí tí ó ní ẹ́nsáìmù, èyí tí ẹ óò rí ọ̀rọ̀ náà enzyme lára ike rẹ̀. Àwọn tí ń ta nǹkan ìtọ́jú ajá àti ológbò máa ń ní in. Ẹ́nsáìmù ni ó ń fọ́ uric acid sí wẹ́wẹ́. Fífín in sójú fóòmù lásán, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe, kò wúlò, nítorí ó gbọ́dọ̀ wọlé dé ibi tí ìtọ̀ dé, kò sì lè ṣiṣẹ́ mọ́ bí ó bá ti gbẹ. Ẹ dà á dáadáa, ẹ fi ọ̀rá bò ó fún iye wákàtí tí wọ́n kọ sára ike, kí ẹ má sì ṣe fi ọṣẹ tàbí fínígà pò ó.

Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ ra hydrogen peroxide 3% ní ilé ìtajà oògùn. Ẹ pò lítà kan rẹ̀ mọ́ ìdámẹ́rin ife bákin sódà àti ṣíbí tíì kan ọṣẹ olómi tí a fi ń fọ abọ́, kí ẹ lò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lára fóòmù, kí ẹ sì fi omi ṣàn án. Ẹ má ṣe dé e mọ́ inú ìgò, nítorí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè fọ́ ìgò náà. Fínígà funfun tí a fi omi là ní ìlọ́po kan sí ìlọ́po kan dára fún amóníà, ṣùgbọ́n èmi kò gbára lé e fún ìtọ̀ tí ó ti pẹ́.

Gbígbẹ ni ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ní àsìkò òjò. Ẹ gbé tìmùtìmù náà dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan níbi tí afẹ́fẹ́ wà, kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì tan fáànù sí i bí oòrùn kò bá ràn. Ojú rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù, nítorí náà ẹ fi aṣọ funfun gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ gidigidi. Bí aṣọ náà bá rin, kò tíì tó, yóò sì hu bí ẹ bá dá a padà sínú aṣọ rẹ̀. Nígbà tí ó bá gbẹ tán, ẹ bu bákin sódà sí i lálẹ́, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù láàárọ̀. Fóòmù tí ológbò ti tọ̀ sí fún oṣù púpọ̀, tí ó sì ti ń fọ́, kò yẹ kí a máa fọ̀ mọ́: ẹ gbé e fún àwọn tí ń ṣe àga kí wọ́n gé òmíràn fún yín.

Aṣọ àdìrẹ yín gba ìṣọ́ra tirẹ̀. Bílíìṣì máa ń jẹ aró ẹlú, peroxide náà sì lè mú un ṣá. Omi tútù àti ọṣẹ tí kò le ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ kọ́kọ́ dán oògùn ẹ́nsáìmù náà wò ní inú ojú rírán, kí ẹ sì sá aṣọ náà síbi òjìji.

Ẹ yẹ pákó abẹ́ tìmùtìmù wò pẹ̀lú. Pákó tí kò ní fáníìṣì a máa fa ìtọ̀ mu, òórùn rẹ̀ yóò sì wọ fóòmù tuntun. Ẹ fi ẹ́nsáìmù kan náà nù ún, kí ó gbẹ, kí kafíńtà fi fáníìṣì kùn ún.

Ní ti ológbò náà, imú rẹ̀ ń gbọ́ òórùn tí tiwa kò gbọ́, ibi tí ó ti tọ̀ rí ni yóò sì máa padà sí títí òórùn yóò fi tán níbẹ̀. Ẹ máa kó ẹ̀gbin inú àpótí iyanrìn rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ológbò kì í fẹ́ lo ibi tí ó dọ̀tí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ṣàdédé ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ káàkiri, àìsàn lè wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ, tí ó ń lóṣòó tí ó sì ń gìn láìjẹ́ pé ìtọ̀ jáde, ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀ lè ti dí, ó sì lè pa á láàárín ọjọ́ díẹ̀: ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, bíi ní ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì FUNAAB ní Alábàtà, kí ẹ tó ronú kan àga.