Ọ̀nà Kánò àti oyún ìyàwó rẹ: ọ̀rọ̀ mi fún àbúrò tó wà ní Láfẹ́nwá

Àbúrò mi, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní Láfẹ́nwá ni ò ń gbé, ìyàwó rẹ lóyún oṣù márùn-ún, ọmọ ọdún méjì wà nílẹ̀, ilé-iṣẹ́ kan sì fẹ́ gbé tírélà lé ọ lọ́wọ́ kí o máa kó sìmẹ́ńtì láti Ewékorò lọ sí Kánò. O bèèrè bóyá kí o gbà á báyìí tàbí kí o dúró kí ìyàwó bímọ tán. O tún ní ẹnìkan ní Ìta Ọ̀ṣìn ní kí o mú owó wá kí orúkọ rẹ lè wọlé. Màá dá ọ lóhùn, ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ojú mi ti rí.

Gbogbo ayé ló ń pariwo pé ọ̀nà jìn. Láti Abẹ́òkúta dé Kánò ò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ, ọkọ̀ tó dáa á rìn ín. Ìdúró ló ń tú ilé dẹ́rẹ́bà. Wàá dúró kí wọ́n tó di ẹrù fún ọ ní Ewékorò, wàá dúró ní Ògèrè, wàá dúró níbi tí táyà bá ti bẹ́. Tí o bá dé Kánò, wàá tún dúró kí wọ́n tó já a, torí ẹni tó ni ẹrù ò tíì ráyè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nínú gbogbo ìdúró yìí, kò sẹ́ni tó lè sọ ọjọ́ tí wàá padà, ìwọ alára ò lè sọ ọ́. Nítorí náà, má dá ọjọ́ fún ìyàwó rẹ. Ilé-iṣẹ́ máa fún ọ ní ọjọ́ tí ìrìn-àjò yóò gbà, wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé. Má gbé ìwé yẹn délé.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí nìyí. Oṣù kẹfà ọdún 2017 ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà òkè Ọya. Àpò sìmẹ́ńtì 600 ló wà lẹ́yìn mi, ìyẹn tọ́ọ̀nù 30. Mo kọjá Ìlọrin, mo gba orí afárá Jẹ́bà kọjá Odò Ọya, mo kọrí sí Mọ́kwá. Òjò ńlá wó afárá Tatabu tó wà níwájú wa. Ọ̀nà gé pátápátá. Ẹni tó ń lọ ò lè lọ, ẹni tó ń bọ̀ ò lè bọ̀, ọkọ̀ sì ń to ara wọn lẹ́yìn débi tí ojú ò lè tó ìparí rẹ̀. Tòmátò tó yẹ kó dé Mile 12 ń jẹrà nínú apẹ̀rẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn sílẹ̀, eṣinṣin bò wá. Inú àwẹ̀ Rámádánì la wà. Píọ̀ wọ́tà tí a fẹ́ fi ṣínu, àwọn ọmọ tó ń kiri rẹ̀ ń fowó lé e láràárọ̀. Òjò tún ń rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, èmi àti mọ́tọ̀ bọ́ì mi á gòkè lọ fa tàpólì mọ́ra, torí bí omi bá wọ sìmẹ́ńtì, ọrùn dẹ́rẹ́bà ni gbèsè rẹ̀ wà. A ò lè fi ọkọ̀ sílẹ̀ wá oúnjẹ papọ̀. Ẹni tó bá sùn jinlẹ̀ á jí bá a pé wọ́n ti tú bátìrì lọ.

Orí ẹrù ni mo ti máa ń rí nẹ́tíwọ̀kì. Ibẹ̀ ni mo wà tí ìpè wọlé láti Abẹ́òkúta pé ìyàwó mi ti ń rọbí, ọsibítù sì ń bèèrè owó kí wọ́n tó gbà á sí bẹ́ẹ̀dì. Owó tí mo fi sílẹ̀ ti tán, torí ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ kọ fún wa ti kọjá tipẹ́. Mo pe ọ̀gá tó ń rí sí ọkọ̀ wa. Kí n tó ṣàlàyé, ó ní tírákà, ẹ̀rọ tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ wà, fi hàn pé mi ò kúrò lójú kan, kí ni mò ń ṣe níbẹ̀. Mo ní afárá ti wó. Ó ní wọn ò tíì fi tó òun létí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yọ nínú owó oṣù mi fún ìyàwó mi. Ó ní àfi kí n wá fọwọ́ sí ìwé ní ọ́fíìsì. Ṣé orí omi ni kí n rìn wá? Títí di òní, bí mo bá rántí ohùn ọkùnrin yẹn, àyà mi máa ń gbóná. Ẹni tí kò tíì sun ẹ̀gbẹ́ títì rí ló ń fi ìlànà pààlà fún ẹni tó wà lójú ọ̀nà.

Àwọn obìnrin tí àwọn àti ìyàwó mi jọ ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ló dáwó jọ. Àwọn ló gbé e dé ọsibítù, àwọn ló sùn tì í. Ọmọ dáyé ní àlàáfíà, ìyá ò kú, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ọjọ́ kẹjọ pé, ẹ̀gbọ́n mi dúró nípò mi níbi ìsọmọlórúkọ. Wọ́n gbé fóònù sẹ́nu ààfáà kí n lè gbọ́ orúkọ ọmọ mi, iná fóònù kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ò bá mi jà. Ó pẹ́ kó tó sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó ní ohun tó pa òun lẹ́kún lórí bẹ́ẹ̀dì ni pé nọ́ọ̀sì bi òun pé ọkọ rẹ dà, òun ò sì mọ orúkọ ìlú tí òun máa dá.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo ibi tí mo bá tẹ bíréèkì sí ni mo máa ń fi ránṣẹ́. Ògbómọ̀ṣọ́. Jẹ́bà. Mọ́kwá. Orúkọ ìlú lásán, kò sí ọ̀rọ̀ míràn, torí àtẹ̀jíṣẹ́ máa ń kọjá níbi tí ìpè ò ti ní kọjá. Ìyàwó mi mọ ọ̀nà Kánò ju àwọn ọ̀gá wa lọ báyìí, kò sì dé ibẹ̀ rí. Ra páwá báńkì, fi fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì kún un, iná tiẹ̀ máa ń pẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó. Owó ìrìn-àjò tí wọ́n bá fún ọ, owó ojú ọ̀nà ni, má kà á mọ́ owó ilé. Àwọn tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ wa lójú títì, aláṣọ ìjọba àti aláìláṣọ, á jẹ nínú ẹ̀, fọkànáísà á jẹ nínú ẹ̀. Kí o tó gbéra, jẹ́ kí gàrí, láfún àti ẹ̀wà wà nílé ju èyí tó yẹ lọ. Kí owó ọsibítù wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ fúnra rẹ̀, kí díẹ̀ sì tún wà lọ́wọ́ ẹnìkan tí òun náà fọkàn tán. Bí ó bá ń ta nǹkan, má sọ pé kó fi sílẹ̀ nítorí oyún. Àwọn tó yí i ká lọ́jà lè jẹ́ àwọn tó máa gbà á sílẹ̀.

Láísẹ́ńsì, àyẹ̀wò ojú, onídùúró, o ti mọ ìyẹn. Kí láísẹ́ńsì náà ṣáà jẹ́ kíláàsì G, èyí tó wà fún tírélà.

Wọ́n máa pè yín sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn tó tutù. Ẹni tó mọ̀wé yóò sọ fún yín pé kí ẹ má wakọ̀ ju wákàtí 4 lọ láìsinmi. Òótọ́ ni, tẹ̀ lé e. Àmọ́ ilé-iṣẹ́ kan náà ló máa pè ọ́ lóru pé kí ló dé tí ọkọ̀ dúró. Sọ fún wọn pé ò ń sùn, kí o sì padà sùn. Àwọn tó fi paraga àti tramadol lé oorun lọ, mo mọ ibi tí a ti fa òkú wọn yọ nínú kábìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o má gbé èrò sórí ẹrù, bó ti wù kí ẹni náà bẹ̀ ọ́ tó. Ọ̀nà Tẹ́gínà sí Birnin Gwari, má gbà á nítorí pé ó yá, àwọn ajínigbé ti ba ibẹ̀ jẹ́. Bi àwọn àgbà dẹ́rẹ́bà ní Jẹ́bà èwo ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́lọ́wọ́. Kí o sì mójú tó táńkì dísù rẹ. Mọ́tọ̀ bọ́ì míì á fà á tà nígbà tí o bá sùn, inú owó tìrẹ ni wọ́n ti máa yọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ti fà mí jìnnà sí ìbéèrè rẹ. Gba iṣẹ́ náà, má gba Kánò. Sọ fún wọn pé ọ̀nà tòsí lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀: Ewékorò sí Ìbàdàn, sí Ìjẹ̀bú-Òde, sí Èkó. Ẹrù ń lọ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n o lè sùn sílé lọ́pọ̀ ìgbà, wàá sì mọ ọwọ́ ọkọ̀ kí o tó gbé e lọ sókè Ọya. Máa bá a bẹ́ẹ̀ títí ọmọ á fi jòkòó. Bí wọ́n bá ní Kánò tàbí kí o máa lọ, máa lọ, wọ́n ń wá dẹ́rẹ́bà tó mọṣẹ́ ju bí ìwọ ti ń wá wọn lọ. Mú ìyàwó rẹ dání lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé, kí òun náà gba nọ́ńbà ọ́fíìsì, kí ó pè é níṣojú wọn kó rí i pé ó ń wọlé.

Ẹni ti Ìta Ọ̀ṣìn yẹn, má fún un ní kọ́bọ̀. Àwọn tó ni ọkọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó máa wà á. Gba ẹnu géètì lọ fúnra rẹ láàárọ̀ Mọ́ńdè, béèrè ẹni tó ń gba dẹ́rẹ́bà.