Mo Pààrọ̀ Joystick Manette, Ó sì Ń Fà sí Òsì

ÌBÉÈRÈ LÁTI KÉTU: Ẹ̀yin àgbà wa olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Fóònù ni mo ń tún ṣe nítòsí Àkábà Ìdènà, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan gbé manette DualShock 4, ohun tí a fi ń darí eré PlayStation, wá fún mi nítorí pé joystick (ọ̀pá kékeré tí àtàǹpàkò ń tì) ọwọ́ òsì rẹ̀ ń rìn fúnra rẹ̀. Mo ra tuntun ní ọjà Ouando ní Àjàṣẹ́, mo sì jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Nísinsin yìí, iwájú àti ẹ̀yìn dára, ṣùgbọ́n agbábọ́ọ̀lù inú eré ń sá lọ sí òsì láìdúró. Bí mo tilẹ̀ ti joystick náà sí ọ̀tún dópin, kò yí padà. Mo ti fi òmíràn sí i, bákan náà ni. Ṣé ayédèrú ni wọ́n ń tà fún mi ni?

ÈSÌ: Àbúrò wa, a bẹ̀ yín, ẹ má tíì ra ẹ̀kẹta. Ó ṣòro kí joystick méjì tí ẹ rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní àrùn kan náà gẹ́lẹ́. Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ ọ̀nà iná tí ó já lórí bọ́ọ̀dù, irú èyí sì máa ń burú sí i ní gbogbo ìgbà tí irin gbígbóná bá tún kàn án.

Nínú joystick kọ̀ọ̀kan, àpótí kékeré méjì ni ó wà tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní potentiomètre. Ọ̀kan ń ka òsì àti ọ̀tún, èkejì ń ka iwájú àti ẹ̀yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta. Iná máa ń gba ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun kan wọlé, á rìn lórí ipa èédú tẹ́ẹ́rẹ́ kan, á sì gba ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun kejì jáde. Ẹsẹ̀ àárín ni ó ń sọ ibi tí joystick wà lórí ipa náà fún manette. Bí ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun kan bá já, agbára iná ti ìpẹ̀kun kejì nìkan ni ẹsẹ̀ àárín yóò máa rí, níbikíbi tí àtàǹpàkò yín ìbáà ti joystick sí. Ìdí nìyẹn tí ti yín fi lẹ̀ mọ́ òsì gbọn-in. Ká ní ẹsẹ̀ àárín ni ó já ni, agbábọ́ọ̀lù náà ì bá máa ta kiri láìní ibì kan pàtó tí ó ń lọ.

Ẹ yọ bátìrì kúrò kí ẹ tó fi mítà kan ohunkóhun. Ẹ gbé mítà sí ibi tí ó ti máa ń dún. Potentiomètre tí ó ń ka iwájú àti ẹ̀yìn ṣì ń ṣiṣẹ́, nítorí náà òun ni kí ẹ fi ṣe òṣùwọ̀n: ẹ fi ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì wé ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun ti èyí tí ń fa wàhálà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí pé wọ́n sábà máa ń pín ọ̀nà iná kan náà, ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dún pẹ̀lú ọ̀kan nínú ti ẹnìkejì rẹ̀. Èyí tí kò bá dún pẹ̀lú èyíkéyìí ni ó já. Bí ẹ bá sì wọn potentiomètre tí ó dára láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bà yín lẹ́rù pé kò pé 10 kΩ (òṣùwọ̀n ìdènà iná) tí a kọ sí ara ọjà: potentiomètre mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ti joystick òsì àti méjì ti ọ̀tún, ni wọ́n so pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù, nítorí náà ó lè sún mọ́ 2.5 kΩ bí gbogbo wọn bá dára, tàbí nǹkan bí 3.3 kΩ bí ọ̀kan bá ti já. Èyí tí ó já gan-an ni yóò fi 10 kΩ hàn yín.

Ibi tí ó ti sábà máa ń já ni inú ihò. A fi bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ inú ihò kọ̀ọ̀kan, bàbà yìí ni ó sì so ojú òkè bọ́ọ̀dù pọ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Joystick ní ẹsẹ̀ 14, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ti ìdérí irin tí ń fa ooru lọ púpọ̀. Bí ẹ bá fà á kí òjé tí a fi jó o (soudure) tó yọ́ tán, ẹ óò fa bàbà náà tẹ̀lé e. Òjé tuntun á dán ní ìsàlẹ̀, ojú á sì rò pé iṣẹ́ ti parí, nígbà tí ọ̀nà ti òkè ti gé. Òjé iléeṣẹ́ tí kò ní òjé dúdú (plomb) nínú máa ń yọ́ ní nǹkan bí 217 °C, aládàpọ̀ 63/37 (tánńganran 63, òjé dúdú 37 nínú 100) ní 183 °C. Nítorí náà, lẹ́yìn èyí, ẹ máa kọ́kọ́ po aládàpọ̀ mọ́ ti àtijọ́ kí ẹ tó fà á mu.

Ẹ kò nílò láti tún joystick yọ. Ẹ gé wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi nǹkan bò lára, ẹ jó o láti ẹsẹ̀ tí ó já sí ẹsẹ̀ ìpẹ̀kun tí ó yẹ kí ó máa bá dún lára potentiomètre kejì: ìyẹn èyí tí kò tíì rí ẹnìkejì. Ẹ fi ọtí ìfọbọ́ọ̀dù fọ ibẹ̀, kí ẹ tó dá bátìrì padà.

ÌBÉÈRÈ LÁTI ṢÁBẸ̀Ẹ́: Ẹ kú iṣẹ́. Èmi fi joystick onímágnẹ́ẹ̀tì sí manette ọmọ mi. Ó ń dáhùn dáadáa, àmọ́ ó ń yọ́ lọ sí òkè díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ọmọ kò fọwọ́ kàn án. Mo ti fi abẹ́rẹ́ tẹ bọ́tìnnì inú ihò ẹ̀yìn rẹ̀, kò yí padà.

ÈSÌ: Ìyá wa, bọ́tìnnì yẹn kàn ń tú ìsopọ̀ manette àti PlayStation ni, kò mọ ohunkóhun nípa àárín joystick. Láti iléeṣẹ́ ni wọ́n ti kọ àárín ti àtijọ́ sínú manette, ti tuntun kò sì bá a mu. Ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yín fi okùn USB tí ń gbé ìsọfúnni so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ó sì lo irinṣẹ́ ìtọ́sọ́nà joystick tí ń ṣiṣẹ́ nínú Chrome láti kọ àárín tuntun sí i. Kí ó kọ́kọ́ ṣe é fún ìgbà díẹ̀, kí ọmọ fi ta bọ́ọ̀lù wò, kí ó tó kọ ọ́ títí láé. Manette tí ó bá jẹ́ ayédèrú kì í sábà gbà á. Fún irú èyí, ẹ kàn fẹ àyè tí joystick kì í dáhùn sí nínú ètò eré náà fúnra rẹ̀.