Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Kí Ló Tú Agbo Ilé Àwọn Ará Amẹ́ríkà Ká?

Lẹ́tà mẹ́ta la yàn lóṣù yìí nínú àwọn tó dé ọwọ́ wa lórí ìgbé ayé àwọn ará Amẹ́ríkà. Ìyípadà tó dé bá ìdílé ní ilẹ̀ náà láàárín 1960 sí 2000 ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń béèrè lé lórí, ìdí nìyẹn tí a fi kó wọn pọ̀.

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ọmọ mi ọkùnrin ń mura láti fẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà kan ní ìpínlẹ̀ Ohio. Nígbà tí a ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ lórí fóònù, mo gbọ́ pé bàbá ọmọbìnrin náà ti fẹ́ ìyàwó mẹ́ta tẹ̀léra, ìyá rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ọkọ kejì, kò sì sí ẹni tí ó tì lójú nínú wọn. Àwọn àgbà wa tó lọ kàwé níbẹ̀ ṣáájú 1960 sọ fún wa pé ìdílé wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ nígbà náà. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé òótọ́ ni pé àwọn obìnrin wọn ló ya aláìgbọràn? — Bàbá kan, Abẹ́òkúta

Bàbá wa, àwọn àgbà yẹn kò purọ́, ṣùgbọ́n ìta ilé ni wọ́n rí, wọn kò rí yàrá. Ní 1960, nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ìkọ̀sílẹ̀ tó ń wáyé lọ́dún kò ju méjì àti díẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi di 1981, ó ti lé ní márùn-ún. Láàárín ogún ọdún péré ni iye náà fi ju ìlọ́po méjì lọ. Síbẹ̀, kí a tó yin ìgbéyàwó àtijọ́, ó yẹ kí a béèrè irú okùn tí wọ́n fi dè é.

Òfin ni okùn kìíní. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ kọ ọkọ tàbí aya rẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀sùn kan ẹnì kejì níwájú adájọ́, kí ó sì mú ẹ̀rí wá pé onítọ̀hún ṣe àgbèrè, tàbí pé ó ń hùwà ìkà sí òun, tàbí pé ó ti pa ilé tì. New York le jù: títí di 1966, àgbèrè nìkan ni ẹ̀sùn tí ilé ẹjọ́ ibẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ tú ìgbéyàwó ká. Nítorí náà, tọkọtaya tí ọ̀rọ̀ ara wọn ti sú a máa gbìmọ̀ pọ̀ purọ́: ọkọ á gba yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì, wọn á háyà obìnrin kan kí ó wá jókòó tì í, ayàwòrán á sì já wọlé lójijì láti ya fọ́tò tí wọn yóò gbé lọ sí kóòtù. Ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ a wọkọ̀ lọ sí ìlú Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada, níbi tí òfin 1931 ti fàyè gba ẹni tó bá ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré níbẹ̀ láti gba ìwé ìkọ̀sílẹ̀. Apá kan nínú ìfẹsẹ̀múlẹ̀ tí àwọn àlejò ń rí nígbà náà jẹ́ irọ́ tí òfin fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn ènìyàn láti pa.

Ronald Reagan, nígbà tó jẹ́ gómìnà California, ló fọwọ́ sí òfin tó yí èyí padà ní 1969, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní ọdún 1970. Láti ìgbà náà, kò pọn dandan mọ́ ní ìpínlẹ̀ yẹn láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Bí ọ̀kan nínú tọkọtaya bá ti sọ pé àárín àwọn ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ó tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fiyè sí ẹni tó fọwọ́ sí i. Àwọn tó ń pariwo pé kí ilẹ̀ náà padà sí àṣà àtijọ́ wà lára àwọn tó dìbò yan Reagan sípò ààrẹ ní 1980, bẹ́ẹ̀ òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ náà tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti tú rí. Nígbà tí yóò fi di 1985, ó kù díẹ̀ kí gbogbo ìpínlẹ̀ ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ti àwọn obìnrin tí ẹ béèrè, n kò gba ọ̀rọ̀ àìgbọràn yẹn wọlé rárá. Ní 1960, nǹkan bí 38 nínú 100 àgbàlagbà obìnrin ló ń ṣiṣẹ́ owó. Ní 1999, wọ́n ti tó 60. Ọdún 1960 yẹn kan náà ni ìjọba gbà kí wọ́n máa ta oògùn oníhóró fún ìfètòsọ́mọbíbí. Òfin 1964 ka á léèwọ̀ fún àwọn agbanisíṣẹ́ láti fi iṣẹ́ du ẹnikẹ́ni nítorí pé ó jẹ́ obìnrin. Òfin 1974 sì ní kí àwọn báńkì má ṣe fi owó yíyá du obìnrin mọ́, nítorí pé ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ báńkì kì í dá abilékọ lóhùn àfi bí ọkọ rẹ̀ bá fọwọ́ sí ìwé. Obìnrin tí ọkọ ń lù ní 1955, tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tí kò sì lè yá owó, níbo ni ì bá kó àwọn ọmọ rẹ̀ gbà? Pé ó dúró kì í ṣe ẹ̀rí pé ilé náà tòrò, ó sì ń dùn mí nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pe ìfaradà tí kò ní ọ̀nà àbáyọ ní ìwà rere.

Igi kan kì í dá igbó ṣe, iṣẹ́ àwọn ọkùnrin náà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì kan Ohio tí ọmọ yín ń gbé gan-an. Ní ìlú Youngstown, ọkùnrin tó jáde girama lè wọ iléeṣẹ́ irin, kí ó fi owó rẹ̀ kọ́lé, kí ó sì fi bọ́ aya àtọmọ láìsí pé aya náà jáde lọ ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ 1977, èyí tí í ṣe ọjọ́ Ajé tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Ọjọ́ Ajé Dúdú, iléeṣẹ́ irin tó tóbi jù níbẹ̀ kéde pé òun yóò ti ẹ̀ka ńlá kan pa, nǹkan bí 5,000 ènìyàn sì di aláìníṣẹ́ látàrí ìkéde yẹn nìkan. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Ẹni tí a ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ní olórí ilé, tó wá di ẹni tí aya ń bọ́, tí kò sì sí àṣà kankan nílẹ̀ tó kọ́ ọ bí a ṣe ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀, ìtìjú nìkan tó láti lé e kúrò nílé. Bí bàbá ìyàwó yín bá dàgbà ní agbègbè yẹn láàárín 1970 sí 1990, ó ṣeé ṣe kí ìtàn ìyàwó mẹ́ta rẹ̀ jìn ju ohun tí ẹ gbọ́ lórí fóònù lọ.

Ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú tún burú ju èyí lọ, nítorí pé iṣẹ́ ti kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn ní Detroit àti Chicago, ìjọba tó yẹ kí ó gbà wọ́n sì dá kún un. Owó ìrànwọ́ tí wọ́n ń fún àwọn ìyá aláìní ní òfin kan tẹ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ pé bí ọkùnrin bá wà nínú ilé, owó náà á dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa kanlẹ̀kùn lóru láti wá bàtà ọkùnrin lábẹ́ ibùsùn. Ọdún 1968 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó fagi lé òfin náà, nínú ẹjọ́ tó wá láti Alabama. Lẹ́yìn náà ni kokéènì tí wọ́n ń mu bíi sìgá, tí wọ́n ń pè ní kíráàkì, dé. Òfin 1986 ní kí ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú gíráàmù 5 kíráàkì fún títà lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5 ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ta kokéènì oníyẹ̀fun gbọ́dọ̀ ní gíráàmù 500 kí ó tó jẹ irú ìyà kan náà. Àwọn aláwọ̀ dúdú ni òfin kíráàkì kó jù. Àwọn tó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ kò ju nǹkan bí 200,000 lọ ní 1972. Ní 2000, wọ́n ti lé ní 1,300,000. Bàbá àwọn ọmọ kan ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ wá wo bí ìdílé ṣe yí padà láàárín àkókò yẹn: ní 1960, nǹkan bí ọmọ 5 nínú 100 ni ìyá rẹ̀ kò sí nílé ọkọ nígbà tí wọ́n bí i ní Amẹ́ríkà lápapọ̀, ní 2000, ó ti di 33.

Ti ọmọ yín, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Iye ìkọ̀sílẹ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀ láti 1981, ó sì ti dín sí nǹkan bíi mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ní 2000. Láàárín àwọn tó jáde yunifásítì ni ó ti dínkù jù. Ẹ bi ìyàwó fúnra rẹ̀ léèrè ohun tí ojú rẹ̀ rí nígbà tí ilé bàbá rẹ̀ tú. Ọ̀pọ̀ ọmọ irú ilé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣọ́ra ju àwa tí a kò rí i rí lọ.

Ẹ kú iṣẹ́ o. Pásítọ̀ wa sọ pé ìgbà tí Amẹ́ríkà yọ àdúrà kúrò ní ilé ìwé ni gbogbo nǹkan dojú rú fún wọn. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? — Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Ìkòròdú

Ó dájú pé ìdájọ́ náà wáyé. Ní 1962, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ kọ àdúrà fún àwọn ọmọ ilé ìwé ìjọba láti máa kà. Ní 1963, ó fi Bíbélì kíkà gẹ́gẹ́ bí ètò ìsìn kún un. Kò sí ìdájọ́ kankan tó ní kí ọmọ má gbàdúrà fúnra rẹ̀. Òótọ́ ni pẹ̀lú pé ìwà ọ̀daràn gòkè gidigidi láti àárín àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n bí yíyọ àdúrà bá ni ìdí rẹ̀, kí ni a ó sọ sí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn 1991? Ní ọdún yẹn, àwọn tí wọ́n ń pa tó nǹkan bí 10 nínú 100,000 ènìyàn; ní 2000, kò tó 6. Iye àwọn ọmọdébìnrin tí kò tíì tó ogún ọdún tó ń bímọ náà lọ sílẹ̀ láàárín ọdún mẹ́wàá kan náà. Ìdájọ́ ilé ẹjọ́ kò sì yí padà ní gbogbo àkókò yẹn. Èmi náà fẹ́ kí ọmọ mọ Ọlọ́run, mo sì ń bá pásítọ̀ yín dàníyàn lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò gbe àlàyé yìí.

Olóòtú wa, ọmọ mi obìnrin tó wà ní Chicago fẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun pátápátá. Mo ti pé ẹni ọdún 68, mo sì jẹ́ opó. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ọjà ń dẹ́rù bà mí pé bí òyìnbó bá ti dàgbà, ilé arúgbó ni wọ́n ń jù ú sí, pé àwọn ọmọ wa níbẹ̀ ti kọ́ ìwà náà. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ṣé ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ ni? — Ìyá kan, Òṣogbo

Ìyá wa, ẹ kú ìrònú. Ilé arúgbó kọ́ ni ohun tí mo bẹ̀rù fún yín. Ní 1990, nǹkan bí 5 péré nínú 100 àwọn tó ti lé ní ẹni ọdún 65 ló ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Ohun tó gbilẹ̀ níbẹ̀ ni dídá gbé, àwọn àgbà fúnra wọn ló sì yàn án. Ní 1959, 35 nínú 100 àgbàlagbà ló jẹ́ òtòṣì. Lẹ́yìn tí ìjọba fi kún owó ìfẹ̀yìntì, tó sì dá ètò ìlera fún àwọn àgbà sílẹ̀ ní 1965, wọ́n dín sí nǹkan bí 10 ní 2000. Àgbà tó bá ní owó tirẹ̀ lọ́wọ́ níbẹ̀ kì í fẹ́ jókòó sílé aya ọmọ rẹ̀. Ilé tí ẹnì kan ṣoṣo ń gbé jẹ́ 13 nínú 100 ní 1960. Ní 2000, wọ́n ti tó nǹkan bí 26.

Ní Chicago yẹn kan náà, ní oṣù Agẹmọ 1995, ooru mú tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ 13, ó wọ 106 ní ìwọ̀n Fahrenheit, èyí tó lé díẹ̀ ní 41 ní ìwọ̀n Celsius. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ènìyàn tó lé ní 700 kú ju iye tó máa ń kú lọ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Mọ́ṣúárì kún, wọ́n sì ní láti to ọkọ̀ akẹ́rù tó ní ẹ̀rọ ìmúǹkantutù sí ìta láti gba òkú. Àgbàlagbà tó ń dá gbé ló pọ̀ nínú wọn. Àwọn kan ti fèrèsé pa nítorí ìbẹ̀rù olè, àwọn kan kò tan ẹ̀rọ amúlétutù nítorí owó iná. Òkú àwọn kan kò rí ẹbí wá gbà á, ìjọba ló sin wọ́n pọ̀. Agbègbè méjì wà níbẹ̀ tí wọ́n bá ara wọn pààlà, tí ìṣẹ́ sì wà nínú méjèèjì. Ní North Lawndale, iléeṣẹ́ ti kó lọ, ilé ti wó, àwọn àgbà sì ń bẹ̀rù láti jáde; ní South Lawndale, níbi tí àwọn tó wá láti Mẹ́síkò pọ̀ sí, ìsọ̀ kún ojú títì, ènìyàn ń lọ ń bọ̀. Àwọn tó kú ní ti àkọ́kọ́ ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po púpọ̀.

Nítorí náà, kí ẹ tó dáhùn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ yín ta ni yóò wà nílé láàárín aago mẹ́jọ àárọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àti bóyá ẹ lè fi ẹsẹ̀ rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ọjà láìdúró de mọ́tò. Ẹ béèrè ti ìlera yín pẹ̀lú, torí òfin tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní 1996 kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé jàǹfààní ètò ìwòsàn àwọn aláìní fún ọdún 5 àkọ́kọ́. Ọmọ yín ni yóò máa san án. Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ lọ kí i fún oṣù díẹ̀ ná, kí ó sì jẹ́ ìgbà òtútù, kí ẹ lè fi ojú ara yín rí bí ọjọ́ Ajé ṣe máa ń rí nínú ilé náà nígbà tí gbogbo wọn bá ti jáde lọ síbi iṣẹ́.