Ṣé fọ́tò X-ray méjì kò tó láti rí inú orí?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Bàbá mi ṣubú ní balùwẹ̀, wọ́n sì forí gbálẹ̀. Wọ́n ya X-ray orí wọn níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, eegun kò ṣẹ́. Síbẹ̀, wọ́n ní ká lọ ṣe CT scan, owó rẹ̀ sì pọ̀. Ṣé kọ̀ǹpútà kò lè fi fọ́tò méjì tó wà nílẹ̀ yìí yọ àwòrán inú orí jáde ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá o, Ọlọ́run á fún wọn ní àlàáfíà. Kò lè ṣeé ṣe.

Bí ìtànṣán X-ray bá ń gba inú orí kọjá, gbogbo ohun tó bá pàdé ló ń dín agbára rẹ̀ kù: awọ, eegun, ọpọlọ, ẹ̀jẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo wọn ló ń hàn nínú fọ́tò. Kò sì sọ èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn. Eegun orí ló tún bo èyí tó pọ̀ jù mọ́lẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sí ọpọlọ kì í hàn níbẹ̀.

Ẹ ya àpótí mẹ́rin sórí ìwé, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Ká ní mo fi nọ́ńbà pamọ́ sínú wọn, mo wá sọ fún yín pé àpapọ̀ méjì òkè jẹ́ 5, ti ìsàlẹ̀ 5, ti apá òsì 5, ti apá ọ̀tún 5. Bí ẹ bá kọ 1 àti 4 sókè, 4 àti 1 sísàlẹ̀, ó bá a mu. 2 àti 3 lókè, 3 àti 2 nísàlẹ̀ náà bá a mu. Ibi tí fọ́tò iwájú àti ti ẹ̀gbẹ́ ń bá wa dé nìyẹn. Àmọ́ bí mo bá fi kún un pé òkè apá òsì pẹ̀lú ìsàlẹ̀ apá ọ̀tún jẹ́ 4, ìdáhùn kan ṣoṣo ló kù: 2 àti 3 ló wà lókè.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ CT, tí òun náà ń lo ìtànṣán X-ray, fi ń yí orí ká: ó ń wò ó láti igun púpọ̀, kọ̀ǹpútà á wá fi ìṣirò yọ àwòrán inú orí jáde. Johann Radon, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Austria, ti fi hàn lọ́dún 1917 pé irú ìṣirò yìí ṣeé ṣe. Godfrey Hounsfield ló ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ya aláìsàn àkọ́kọ́ ní London lọ́dún 1971. Igun 180 ni ẹ̀rọ náà ti wo orí, ó wọn ìtànṣán ní ìgbà 160 ní igun kọ̀ọ̀kan: ìwọ̀n 28,800 fún ìpele orí kan! Ẹ wo bí méjì ṣe jìnnà sí i tó.

Lóòótọ́, ìtànṣán CT pọ̀ ju ti X-ray lọ, ṣùgbọ́n fún àgbàlagbà tó forí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ inú orí ló yẹ ká bẹ̀rù. Bí Bàbá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ tètè sọ fún dókítà wọn. Bí wọ́n bá ń bì, tí oorun ń kùn wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ wọn ń dàrú, ẹ má dúró wá owó: ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀.